Bí Àwẹ̀ró Ológbò Ṣe Ha Inú Ìfun Rẹ̀

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Ta ló ń dáhùn yẹn? Ẹ̀fọn ni àbí ènìyàn? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ iyán bí ẹni tó ti oko ọdún dé ní ìrọ̀lẹ́ yìí náà lẹ ń fọhùn bí olókùnrùn. Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀ ooo!"

Ẹ ṣé. Ó kù díẹ̀ kí ẹ jí bàbá yín. Ṣé ẹ rí Súnmbọ̀ tó jókòó síbẹ̀ yẹn, tó káwọ́ jọ bí ìyàwó tuntun? Mo wo àwo rẹ̀ lónìí. Ó jẹ iyán tán, ó lá ọbẹ̀ tán, ó wá ṣa gbogbo ìfun ewúrẹ́ tó wà nínú rẹ̀ sí etí àwo. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ìyá Àgbà, inú ẹ̀ ní irun. Ó dọ̀tí."

Ó dọ̀tí! Ẹ kú ìmọ́tótó o, ìyàwó gómìnà. Èmi tí mo ti àárọ̀ jókòó ti ìfun yẹn, ọ̀bùn ni mí, àbí?

"Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà."

Ta ló ń bínú? Àlọ́ ni mo fẹ́ pa. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó di etí odò, ó ya sórí àpáta, ó bá Àwẹ̀ró ológbò níbi tó ti ń fọ nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ pé kó fọ̀.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé àdúgbò kan náà, tí wọ́n jọ ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, ikùn kò tíì rí bó ṣe rí lónìí. Gbogbo ẹ̀dá ló ní ìdérí níwájú ikùn, bíi ti ìkòkò ọbẹ̀. Tó bá ti di ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, tọmọdé tàgbà, ènìyàn, ewúrẹ́, ajá, ológbò, gbogbo wọn á rọ́ lọ sódò. Wọ́n á ṣí ikùn, wọ́n á fa ìfun jáde, wọ́n á yí inú rẹ̀ síta bí ẹni ń yí àpò ṣòkòtò. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bọmi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á dá a padà sí àyè rẹ̀.

"Ṣé kì í dùn wọ́n, Ìyá Àgbà?"

Ṣé ikùn tìrẹ ni, Látúndé? Jẹ́ kí àwọn tó ni ìfun fọ ìfun wọn.

Ẹni tó hun ìfun fún gbogbo wọn ni Ìyá Ẹfúnyẹlá, ahunṣọ kan tó ń gbé lókè odò. Òfì ìyá náà kì í sinmi. Òfin kan ṣoṣo ló fún wọn. Ó ní, "Ẹ fi omi ṣàn án. Ẹ má fi nǹkan kan fọ̀ ọ́. Ẹ má sì ha á." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo wọn gbọ́. Àwẹ̀ró náà gbọ́. Ẹ ṣáà rí bí etí ológbò ṣe ń nà ṣóṣóró, kò lè sọ pé òun ò gbọ́.

Àwẹ̀ró yìí, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ́. Tó bá gbálẹ̀ tán, á tún gbá ìgbálẹ̀. Tó bá fọ igbá tán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ omi tó fi fọ igbá. Ìyẹn ò burú. Ẹnu rẹ̀ ló burú. Tó bá yà ọ́ nílé, á fi ìka kan nu àga rẹ kó tó jókòó, á wo ìka náà, á mí kanlẹ̀, á ní, "Ó dáa, mo máa dúró."

Ní àkókò yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ lágbára. Èyí tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ta-òkò, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwẹ̀ró fẹ́ràn wọn dé góńgó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kalẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ má bàa rò pé obìnrin burúkú ni. Ó kàn mọ́ jù ni.

Ó wá di ọjọ́ odò kan. Àwẹ̀ró jókòó sórí àpáta, Ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀ jókòó tì í. Ewúrẹ́ ń fa ìfun tirẹ̀ jáde. Ó fà á, ó fà á, ó fà á.

"Ṣé ó ti tán?"

Tán bíi ti bàwo? Ó ṣì ń fà á. Ìfun ti kún orí àpáta, ó ti yí ìdí ọ̀pẹ po, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín.

"Aládùúgbò mi, ṣé ìfun nìyí àbí okùn kànga?"

Ewúrẹ́ ní, "Ewé ni mò ń jẹ, ọ̀rẹ́ mi. Ewé le. Ó fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn kó tó rọ̀."

"Kó máa rìn ín lọ o. Ìwọ lo kúkú ráàyè."

Ni Àwẹ̀ró bá yí ìfun tirẹ̀ náà síta. Oòrùn mú ganrínganrín lọ́jọ́ náà, ohun gbogbo ló hàn kedere. Ó wo inú ìfun náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ ò tẹ́jú. Ó ṣẹ́ po léraléra bí ẹni ká gèlè. Lórí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan, òwú wínníwínní ló dúró ṣánṣán, wọ́n pọ̀ débi tí wọn ò ṣeé kà. Ó fojú sún mọ́ ọn. Lára òwú kọ̀ọ̀kan, òwú mìíràn tún wà tó kéré sí i, tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí.

"Yéè!" ni Àwẹ̀ró ké. "Irun! Irun nínú mi! Nínú èmi Àwẹ̀ró!"

Ewúrẹ́ ní, "Tèmi náà ní i. Ti gbogbo wa ló ní i."

"Pé tìrẹ ní i, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu."

"Ṣé o rántí pé Ìyá Ẹfúnyẹlá ní ká má ha á o?"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Ìyá Ẹfúnyẹlá ti darúgbó. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Ẹni tó bá hunṣọ tán, ó yẹ kó gé òwú etí rẹ̀. Ìyá gbàgbé ni, ó gbé iṣẹ́ tí kò parí fún wa, gbogbo yín gbà á, ẹ ní ẹ ṣé. Èmi máa bá a parí tèmi."

Ẹ ò rí olóye? Ẹni tí kò hun aṣọ rí láyé rẹ̀ ló fẹ́ bá ahunṣọ parí iṣẹ́.

Ó mú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Òwú ò kúrò. Ó bu yanrìn sí i, ó fi gbo ó. Díẹ̀ kúrò. Ó wá he ìkarahun ìgbín kan tó fọ́, tó mú bí ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Ẹ bá mi gbè é o. Tí mo bá dá a, kí ẹ ní "Ha á kó dán!"

Àwẹ̀ró jókòó sódò —

*Ha á kó dán!*

Ó kó ìfun lé itan —

*Ha á kó dán!*

Ewúrẹ́ ní kó fi sílẹ̀ —

*Ha á kó dán!*

Ó ní ọ̀bùn ò mọ nǹkan —

*Ha á kó dán!*

Ebi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ o —

*Ha á kó dán!*

Ó dáa, ó tó. Ẹ fẹ́ràn àti máa ha ìfun onífun.

Gbogbo òwú yẹn bọ́ sórí àpáta àti sínú yanrìn. Ó ku ìṣẹ́po. Ó wá òkúta gbígbóná, ó fi lọ̀ ọ́ bí ẹni ń lọ aṣọ, gbogbo ìṣẹ́po sì tú. Nígbà tí ìṣẹ́po tú, kí ni ẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Ìfun tún wá gùn sí i! Kò fẹ́ wọlé mọ́. Inú bí i. Ó ní, "Kí ni ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tèmi ń fi gbogbo èyí ṣe?" Ló bá fọ̀bẹ gé e. Ó mú ìdá kan, ó gé ìdá méjì sọnù.

Ajá ti jókòó sí tòsí látàárọ̀, ó ń mi ìrù, ó ń wo ìfun bí ẹni ń wo àna rẹ̀ rere. Àwẹ̀ró ní, "Gbà, Ajá, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ." Ajá ò béèrè ibi tí ẹran ti wá. Kò tiẹ̀ rún un lẹ́nu, ó gbé e mì.

Àwẹ̀ró gbé èyí tó kù wọnú ikùn. Ó tọ́ bí ọ̀pá, ó ń dán bí ìdí àwo tuntun. Ó ju ìrù sókè, ó ń lọ sílé, ó ń kí gbogbo èrò ọ̀nà, kódà àwọn tí kì í kí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó se ẹ̀wà, ó jẹ ẹ́ yó. Kó tó fọ ìkòkò tán, ẹ̀wà ti fẹ́ jáde. Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ̀wà jáde ní odidi, hóró hóró, ó ń wò ó lójú.

"Háà! Ìyá Àgbà!"

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Òróòro tó máa ń tú omi kíkorò rẹ̀ sórí ọ̀rá, kó lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí ọṣẹ ṣe ń ṣe epo ìdí ìkòkò, ó gbé omi rẹ̀ dé bó ṣe máa ń gbé e dé. Ó bá ọ̀nà ní òfìfo. Oúnjẹ ti kọjá tipẹ́. Òróòro ní, "Ta ni kí n wá tú u sí báyìí?"

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró jẹ iṣu. Iṣu kọjá. Ó jẹ ẹ̀bà. Ẹ̀bà ò tiẹ̀ kí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ mẹ́wàá, ó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, ebi sì ń pa á lẹ́ẹ̀mẹfà náà. Ẹ̀wà tó ti ń yà sẹ́yìn ilé hù, ó ń gbọ̀nà lọ. Òun ni ológbò àkọ́kọ́ tó dá oko ẹ̀wà láìgbé ọkọ́.

Àwọn obìnrin àdúgbò ní, "Àwẹ̀ró, o mà ń rù o."

Ó ní, "Mi ò rù. Mo fúyẹ́ ni. Ẹ̀yin lẹ wúwo."

Ṣùgbọ́n tó bá dálẹ̀, tó bá sùn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ mumú, ọ̀rọ̀ náà máa ń yí padà. Àwọn ọmọ á fà á, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n á tún fà á. Ọmú ti gbẹ. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Àwẹ̀ró. Ó ń jẹun o, kò sí ẹni tó máa sọ pé kò jẹun. Níbo wá ni oúnjẹ náà ń lọ?

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó rò? Kò rò ó pé òun fi ìkarahun ìgbín ha ara òun. Ó ní ayé ló ń ṣe òun. Ó dúró síwájú ilé Ewúrẹ́ ní ọ̀sán gangan.

"Ewúrẹ́! Jáde! Ìwọ lò ń fa oúnjẹ jẹ nínú mi. Ẹ wo bí ikùn rẹ̀ ṣe yọ, ẹ wá wo tèmi. Oúnjẹ mi ló wà níbẹ̀ yẹn!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ewúrẹ́ ni ikùn rẹ̀ ti yọ. Gbogbo ilé wọn ló yọkùn. Ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ewúrẹ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wọlé.

Ẹ dákẹ́ báyìí. Ibi tí mo dé yìí kì í ṣe ibi ẹ̀rín.

Ní ọjọ́ kan ní ìdájí, ilé Àwẹ̀ró pa rọ́rọ́. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ pé àwọn ọmọ sùn. Nígbà tó yá, ó gbọ́ pé ọmọ méjì ló ń mí kíkankíkan. Ó yíjú sí Ẹ̀ta-òkò. Ọmọ náà la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ ké, ohùn ò jáde. Ó tún la ẹnu. Ohùn ò jáde. Àwẹ̀ró fi ẹnu gbé e lọ́rùn, ó sáré jáde, kò nu ẹsẹ̀, kò tọ́ irun ara rẹ̀, kò mọ ibi tó ń lọ. Ìgbà tó máa dúró, ẹnu ọ̀nà Ewúrẹ́ ló dúró sí.

Kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ wà lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá sí lẹ́nu rẹ̀ pàápàá, kí ni ì bá sọ?

Ewúrẹ́ wò ó. Ó wo ọmọ náà. Ó dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, ó ní, "Gbé e wá." Ẹ̀ta-òkò di ọmú mú, ó mu díẹ̀, ó sinmi, ó tún mu. Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìgbẹ́ ewúrẹ́, ó ń sunkún.

Ewúrẹ́ ní, "Lọ kó àwọn tó kù wá. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi o, mo ní ọmọ tèmi. Wàrà mi lè gbé wọn fún ọjọ́ mẹ́ta, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ bá Ìyá Ẹfúnyẹlá."

"Ṣé ìfun náà ni?"

"Kí ni ì bá tún jẹ́?"

"O mọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Mo sọ fún ọ létí odò. O ní ti èmi ò yà ọ́ lẹ́nu."

Àwẹ̀ró kó àwọn méjì tó kù wá, ó sì gba òkè odò lọ. Ó bá Ìyá Ẹfúnyẹlá nídìí òfì. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Ìyá."

Ìyá ò gbójú sókè. "O ò. Ìwọ kọ́ lo ní mo ti darúgbó? Tí o ní ojú mi ò ríran, mo gbàgbé òwú sí ọ nínú?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ajá. Ajá kì í jẹun kó dákẹ́." Ó fa aṣọ kékeré méjì yọ, wọn ò ju ara wọn lọ. Ọ̀kan tẹ́jú, ó ń dán. Wọ́n fa òwú ojú èkejì sókè, gbogbo ara rẹ̀ kún fún irun. Ó gbé igbá omi méjì kalẹ̀. "Tẹ èyí tó ń dán bọ igbá kan. Irú rẹ̀ lo fẹ́ràn."

Àwẹ̀ró tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́. Igbá ṣì kún.

"Tẹ èyí tó dọ̀tí bọ èkejì. Má bínú pé mo ní kí o fọwọ́ kàn án."

Àwẹ̀ró tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tó yọ ọ́, aṣọ náà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, omi igbá ti fá dé ìdajì.

"Níbo ni omi wà?"

"Ó wà nínú aṣọ, Ìyá."

"Kí ló fà á mu?"

"Òwú ni."

"Òwú wo?"

Àwẹ̀ró dorí kodò. "Irú òwú tí mo pè ní ìdọ̀tí."

"Sọ ọ́ sókè dáadáa. Ṣé o mọ̀ pé mo ti darúgbó, etí mi náà lè ti lọ."

"Irú òwú tí mo pè ní ìdọ̀tí!"

Ìyá Ẹfúnyẹlá wá kọjú sí i. "Ẹ̀n-ẹ́n. Jẹ́ kí n sọ ohun tí o fi ìkarahun ha dànù. Oúnjẹ tó bá ti àpò ikùn bọ̀, ó ti di ọbẹ̀ ki. Ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ á gbà á, òróòro á tú tirẹ̀ sí i, àwọn omi mìíràn á tú sí i láti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ìfun á máa fún un, á máa rò ó, á máa tì í lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn òwú yẹn á nawọ́ sínú rẹ̀. Ara wọn fẹ́lẹ́ ju awọ inú àlùbọ́sà lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń lọ ń bọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, iṣan kan sì wà láàárín fún ọ̀rá. Ohun tó dára nínú oúnjẹ, òwú ló ń fà á, ó ń gbé e fún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gbé e lọ sí apá, sí ẹsẹ̀, sí ojú, sí ọmú. Mo ṣẹ́ ẹ po kí òwú lè rí ibi pọ̀ sí. Mo fi òwú kéékèèké sára òwú kí ó lè fà á dáadáa. Mo hun ún gùn kí oúnjẹ má sáré kọjá. Lẹ́yìn náà mo ká a kó lè gba inú ikùn kékeré tìrẹ yẹn. Bí mo bá tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹní ilé rẹ ò tó o. Ọdún mélòó lo rò pé mo fi kọ́ ọ?"

Àwẹ̀ró dojú bolẹ̀. "Ìyá, mo ti jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ń kú lọ. Wọ́n jẹ́ mẹ́ta, wọn ò ha ìfun ẹnì kankan."

Ìyá ní, "Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí n máa bá ọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n irú òwú yẹn, mi ò ní òmíràn. Padà sódò. Èyí tí o ha dànù, lọ ṣà á wá. Gbogbo rẹ̀."

Ó dé etí odò. Òwú ti lẹ̀ mọ́ àpáta, ó ti wọnú yanrìn. Ajá ti tọ̀ síbẹ̀, ewúrẹ́ ti yàgbẹ́ síbẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ ṣà á, èékánná rẹ̀ ń fà á ya. Ohun kan ṣoṣo ló rọ̀ tó láti mú un.

"Kí ni, Ìyá Àgbà?"

Ahọ́n rẹ̀.

"Yéè!"

Ẹ̀n-ẹ́n. Àwẹ̀ró tó ń fi ìka nu àga ẹlòmíràn. Ó wólẹ̀ sórí àpáta, ó ń fi ahọ́n lá a ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, níwájú gbogbo ìlú. Àwọn obìnrin tó wá pọnmi dúró wò ó. Wọ́n ní, "Àwẹ̀ró, ẹ kú ìmọ́tótó o!" Ó ń lá a lọ. Ẹ gbè é kó lágbára.

Àwẹ̀ró wólẹ̀ sódò —

*Lá a, má fi kan sílẹ̀!*

Yanrìn kún un lẹ́nu —

*Lá a, má fi kan sílẹ̀!*

Ẹ̀ta-òkò ń retí rẹ̀ —

*Lá a, má fi kan sílẹ̀!*

Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀. Ilẹ̀ tún ṣú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó kó gbogbo rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹfúnyẹlá. Ìyá ṣí ikùn rẹ̀, ó fa ìfun jáde, ó fi abẹ́rẹ́ gbé òwú padà sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣẹ́ ìfun náà po bó ṣe wà.

Ó ní, "Apá tó kù ńkọ́? Èyí kúrú."

"Ajá ti jẹ ẹ́."

"Ó dáa. Ìyẹn kì í bọ̀ mọ́. Ìfun kúkúrú lo máa lò títí ayé. Iṣu, ẹ̀wà àti ewé fẹ́ ọ̀nà jíjìn, fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó ní in. Ẹran àti ẹja ni kí o máa jẹ, àwọn yẹn kì í pẹ́ rọ̀." Ó dé ikùn rẹ̀, ó gán an pa, ó ta á ní kókó. Ní ọjọ́ náà gan-an ló pe gbogbo ẹ̀dá tó kù, ó gán tiwọn náà pa, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún bá òun parí iṣẹ́. Ẹ fọwọ́ kan ìdodo yín. Kókó tí ìyá náà ta nìyẹn.

"Tèmi nìyí!"

Bo aṣọ rẹ, a ti rí i.

Àwẹ̀ró fẹ́ dìde. Ìyá ní, "La ẹnu." Ó la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ kún fún òwú wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ọn, tó dúró ṣánṣán. Ìyá fà á, kò já. Ó bomi sí i, kò kúrò. Ó ní, "Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Máa lọ bá ọmọ rẹ."

Ó sáré dé ilé Ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ti gbé orí ẹja kan sílẹ̀ dè é. Àwẹ̀ró jẹ ẹ́, ó jókòó, ó ń dúró, ẹ̀rù ń bà á pé á kọjá bíi ti àtẹ̀yìnwá. Kò kọjá. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í móoru láti ikùn dé ìrù. Ó tún jẹ òmíràn. Nígbà tó máa di ìdájí, ọmú rẹ̀ ti kún fún wàrà. Ẹ̀ta-òkò mu ún títí ikùn rẹ̀ fi yọ rogodo, ó tú ọmú sílẹ̀, ó sì figbe ta tí gbogbo àdúgbò jí.

Àwẹ̀ró tí kì í fẹ́ ariwo nílé rẹ̀ ní, "Ké e sókè, ọmọ mi. Túbọ̀ ké e."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bẹ Ewúrẹ́, ó sì fún un ní gbogbo oko ẹ̀wà tó wà lẹ́yìn ilé. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́ tewétewé. Kò béèrè bó ṣe hù, Àwẹ̀ró náà ò sì sọ.

Láti ọjọ́ náà ni ológbò kì í ti í jìnnà sí ibi tí wọ́n bá ti ń yan ẹja. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í lè wo ojú ajá kí inú má bí i. Tí ẹ bá rí i tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi ahọ́n wẹ ara rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ fọwọ́ kan ahọ́n náà, ẹ máa rí i pé ó rí ṣákaṣàka. Òwú yẹn ni. Ohun tó pè ní ìdọ̀tí, òun ló fi ń wẹ̀ títí dòní.

Àlọ́ mi kọ́ wa pé kí á tó ní nǹkan kan dọ̀tí, kí á kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ó tún kọ́ wa pé kí á má gbá aládùúgbò mú nítorí ohun tí a fọwọ́ ara wa bà jẹ́.

Ibẹ̀ ni mo bá a dé tí mo fi padà wálé. Tí mo bá purọ́ nínú rẹ̀, kí ìfun mi dákẹ́ lálẹ́ òní. Tí mi ò bá purọ́, kó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ tẹ́tí.

"Ó dún! Ọ̀kan!"

Ẹ ní sùúrù.

"Èjì!"

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ dákẹ́, kí...

"Ẹ̀ta! Ó dún gan-an!"

Rárá o. Ìyẹn ò ti ọ̀dọ̀ mi wá. Ikùn ta ló dún yẹn?

"Tèmi ni, Ìyá Àgbà."

Mo mọ̀. Súnmbọ̀, àwo rẹ wà lábẹ́ igbá lẹ́bàá ààrò. Mi ò tíì da ìfun yẹn nù.